Ṣé Ọdún Mọ́tò Ni Ẹ Fẹ́ Gùn, Àbí Mọ́tò Gan-an?

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ sọ lónìí kò ní dùn mọ́ gbogbo ènìyàn nínú, a sì ti mọ̀ bẹ́ẹ̀ ká tó bẹ̀rẹ̀. Ìbéèrè kan wà tí kì í tán lẹ́nu àwọn ènìyàn wa nígbàkígbà tí owó ńlá bá wọlé, yálà owó kajú ni o, yálà igi tíìkì ni wọ́n gé tà, yálà ọmọ ló fi ránṣẹ́ láti Faransé: "Lexus GX 470 ti ọdún 2008 àti Range Rover Sport ti ọdún 2014, èwo ni ká rà?" Kí ẹni tó béèrè tó mí, àwọn kan ti dá a lóhùn: "Ṣé ẹ kò mọ ìṣirò ni? Ọdún mẹ́fà ni 2014 fi kéré sí 2008. Ẹ ra èyí tó tuntun."

Àwa kò gbà. A sì fẹ́ sọ ìdí tí a kò fi gbà kedere, nítorí pé ìmọ̀ràn yẹn ti sọ owó ọ̀pọ̀ ìdílé di irin tó jókòó sábẹ́ igi máńgòrò, tí adìyẹ ń yé sí. Ẹ wo àwọn àgbàlá tó wà ládùúgbò yín. Jíìpù tó dùbúlẹ̀ síbẹ̀, tí ikùn rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ilẹ̀, tí wọ́n ta tapólì bò, ṣé ti Japan ni àbí ti Gẹ̀ẹ́sì? Ẹ fúnra yín dáhùn.

Ká kọ́kọ́ ṣe ẹ̀tọ́ fún Range Rover yẹn, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé a ń bá a ṣọ̀tá. Mọ́tò tó dára ni. Ọdún 2013 ni wọ́n gbé irú èyí tí à ń sọ jáde, ní Solihull ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n sì ti ń ṣe é, lábẹ́ ilé-iṣẹ́ tí àwọn Tata ti orílẹ̀-èdè Íńdíà rà ní 2008. Alumíníọ̀mù ni wọ́n fi ṣe ara rẹ̀ látòkè délẹ̀, èyí tó mú kí ó fúyẹ́ ju ti ìṣáájú lọ. Ọ̀kan wà nínú wọn tó ní ẹ́ńjìnnì lítà 3.0, agbára ẹṣin 340 ló ní, gíà mẹ́jọ ló sì fi ń sáré. Lexus 2008 ní ẹ́ńjìnnì lítà 4.7 tó fi gbogbo ara tóbi, síbẹ̀ agbára ẹṣin 263 ló rí mú jáde, gíà márùn-ún péré ló sì ní. Bí ẹ bá jókòó sínú Range Rover, tí ẹ ti ilẹ̀kùn, ariwo ayé á dákẹ́. Nínú Lexus, ẹ ó rí pátákó iwájú tí oòrùn ti sán, nítorí pé àìsàn tí a mọ̀ mọ́ irú mọ́tò yẹn nìyẹn. Ní ti ẹwà, a kò bá yín jiyàn.

Kódà ní ti epo, Range Rover ló ṣẹ́gun. Bí a bá pa ti ìgboro àti ti ọ̀nà jíjìn pọ̀, Lexus yìí máa ń mu nǹkan bí lítà 16 ní 100 kìlómítà, nígbà tí Range Rover lítà 3.0 ń mu nǹkan bí 12. Àwọn alátakò wa fẹ́ràn ibi yìí gan-an. Ó dáa, ẹ jẹ́ ká bá yín ṣírò ó. Ká ní 10,000 kìlómítà ni ẹ ń rìn lọ́dún, lítà 400 ni ìyàtọ̀ rẹ̀. Ká ní lítà kan jẹ́ 700 owó Sẹ́fà, 280,000 ni gbogbo rẹ̀ lọ́dún. Ẹ fi owó yẹn sí ẹ̀gbẹ́ kan, ẹ má gbàgbé rẹ̀, a máa padà bá a.

Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Inú òwe yìí gan-an ni gbogbo ọ̀rọ̀ mọ́tò méjèèjì yìí wà. Range Rover ní aṣọ, aṣọ ọ̀hún sì ń dán. Lexus ní àkísà, àkísà ni ohun tó ti la ìyà kọjá. Ẹ́ńjìnnì tó wà nínú GX 470, òun náà ló wà nínú Land Cruiser 100, òun náà ló wà nínú Tundra àti Sequoia. Ẹsẹ̀ àti egungun rẹ̀, ti Prado ni, Prado tí àwọn ilé-iṣẹ́ ìjọba, àwọn ẹlẹ́kọ́ọ́ oko àti àwọn aláàánú láti òkè òkun ti gùn wọ gbogbo ìlú àti ahéré wa. Ìdí nìyí tí ọmọ iṣẹ́ mẹkáníìkì ní Kétu fi lè tú u kó sì tò ó padà. Kì í ṣe pé ó gbọ́n ju ti Kútọnu lọ. Ó ti tú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ rí ni.

Àwọn ọ̀gá mẹkáníìkì wa, lára Peugeot 504 àti 505 ni ọ̀pọ̀ wọn ti kọ́ṣẹ́, lẹ́yìn náà wọ́n bọ́ sí Toyota. Ọwọ́ àti etí ni wọ́n fi ń ṣiṣẹ́. Wọ́n á tẹ́tí sí ẹ́ńjìnnì, wọ́n á gbóòórùn rẹ̀, wọ́n á fi ọwọ́ kàn án, wọ́n á sì sọ ohun tó ń ṣe é. A kò fi wọ́n ṣẹ̀sín o. Iṣẹ́ ńlá ni. Ṣùgbọ́n Range Rover 2014 kì í bá etí sọ̀rọ̀. Kọ̀ǹpútà kéékèèké tó kún inú rẹ̀ ló ń bá ara wọn sọ̀rọ̀, ẹni tí kò bá ní ẹ̀rọ tó gbọ́ èdè wọn, odi ni níwájú wọn. Bátìrì lásán tó bá rẹ̀ díẹ̀, iná pupa mẹ́rin lè tàn lójú pátákó: ẹsẹ̀ kò ṣiṣẹ́, gíà kò ṣiṣẹ́, bíréèkì ẹ ṣọ́ra. Ẹni tí kò mọ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í pààrọ̀ ohun tí kò bàjẹ́. A ti rí èyí ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, àwọn tó ń ka ojú ìwé yìí náà ti rí i.

Ẹ jẹ́ ká dé ibi ẹsẹ̀ mọ́tò, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń sunkún. Range Rover Sport yìí kò ní sípíríǹgì irin. Àpò rọ́bà tó kún fún afẹ́fẹ́ ló gbé e, lẹ́sẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ẹ̀rọ kékeré kan ló sì ń fẹ́ afẹ́fẹ́ náà sí i. Nígbà tó bá yá gágá, ohun ìyanu ni: ẹ tẹ bọ́tìnì kan, mọ́tò á ga sókè, ó sì lè la omi tó jìn tó 85 sẹ̀ǹtímítà kọjá. Ẹni tó bá mọ bí àwọn àdúgbò kan ṣe ń rí ní Àjàṣẹ́ àti Kútọnu lásìkò òjò mọ̀ pé nǹkan kékeré kọ́ nìyẹn. Ṣùgbọ́n rọ́bà ni rọ́bà ń jẹ́. Lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá, pẹ̀lú ooru àti eruku pupa wa, ó ń sán. Afẹ́fẹ́ á máa jò díẹ̀díẹ̀, ẹ̀rọ tó ń fẹ́ ẹ kò ní sinmi mọ́, òun náà á jóná, ẹ ó jí láàárọ̀ ọjọ́ kan, ẹ ó bá mọ́tò yín tó kúnlẹ̀ bí ràkúnmí. Lexus náà ní àpò afẹ́fẹ́, a kò ní fi pamọ́ fún yín. Méjì péré ni tirẹ̀, ẹ̀yìn nìkan ni wọ́n sì wà. Irin ni tiwájú. Bí tẹ̀yìn bá bàjẹ́, àwọn ènìyàn máa ń yọ ọ́, wọ́n á fi sípíríǹgì irin sí i, mọ́tò á sì máa lọ bí ẹni pé kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀.

Omi inú ẹ́ńjìnnì ńkọ́? Nínú Range Rover yẹn, àwọn páìpù kan wà tí omi tútù ń gbà kọjá, níwájú àti lẹ́yìn ẹ́ńjìnnì, ike sì ni wọ́n fi ṣe wọ́n. Ike, lára ẹ́ńjìnnì tó ń gbóná! Bó bá pẹ́, wọ́n á gbẹ, wọ́n á sì là. Èyí tó wà lẹ́yìn fara sin débi pé ẹni tó ń wa mọ́tò kò ní mọ̀ títí omi yóò fi tán. Ẹ fojú inú wo èyí lójú ọ̀nà láàárín Kétu sí Ṣábẹ̀ẹ́ lálẹ́, pẹ̀lú aboyún lẹ́yìn mọ́tò. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwàdà. Mọ́tò ńlá kan ṣoṣo nínú ìdílé, kì í ṣe fáàrí nìkan ni wọ́n ń fi í ṣe. Òun ni ó ń gbé aláìsàn lọ sí ilé ìwòsàn, òun ni ó ń gbé òkú bàbá wálé, òun ni ó ń kó ìyá àti àbúrò lọ síbi ìgbéyàwó. Lexus GX tó ní ìjókòó ìlà mẹ́ta gba ènìyàn méje tàbí mẹ́jọ. Ọ̀pọ̀ Range Rover Sport, ènìyàn márùn-ún ni. Ẹni tó bá ti ṣe ìnáwó nílé wa rí mọ ohun tí ìjókòó méjì tàbí mẹ́ta tó ṣẹ́kù yẹn ń jẹ́.

A tún gbọ́dọ̀ sọ̀rọ̀ epo, ṣùgbọ́n kì í ṣe iye rẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí, bí kò ṣe irú rẹ̀. Gbogbo wa la mọ kpayó. Ìgò tó wà lórí tábìlì lẹ́bàá ọ̀nà, a kò ní díbọ́n bí ẹni pé a kò rà á rí. Ó ti wọ́n láti ìgbà tí Nàìjíríà ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní oṣù karùn-ún ọdún 2023, síbẹ̀ kò tíì kúrò lójú pópó. Ẹ́ńjìnnì Range Rover yẹn ní ẹ̀rọ kan tó ń fi agbára ti afẹ́fẹ́ wọ inú rẹ̀, ó sì ń fọ́n epo tààrà sínú iná pẹ̀lú ìfúnpá tó ga gan-an. Epo mímọ́, epo tó lágbára, lòun mọ̀. Bí ìdọ̀tí bá wọ ẹnu ihò tó ń fọ́n epo náà, ẹ ti wọ gbèsè. Ẹ́ńjìnnì Lexus kò fẹ́ràn epo burúkú o, kò sí ẹ́ńjìnnì tó fẹ́ràn rẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀nà àtijọ́ ló ń gbà mu epo, ó sì ní ìfaradà. Ẹni tó bá ra Range Rover kó má ra kpayó mọ́ títí láé. Ẹ bi ara yín léèrè bóyá ẹ lè jẹ́jẹ̀ẹ́ yẹn ní ìlú tí ilé epo rẹ̀ jìnnà.

Ara alumíníọ̀mù tí a yìn lẹ́ẹ̀kan yẹn ńkọ́? Àwọn tó ń lu páànù mọ́tò nílùú wa, iná àti òòlù ni irinṣẹ́ wọn. Irin gba iná àti òòlù. Alumíníọ̀mù inú mọ́tò yìí, ìṣó pàtàkì àti gọ́ọ̀mù ni wọ́n fi lẹ̀ ẹ́ pọ̀ níbi tí wọ́n ti ṣe é. Ẹni tó bá fi iná mú un á bà á jẹ́ ju bó ṣe bá a lọ. Kẹ̀kẹ́ zémíjàn kan ṣoṣo tó bá forí gbá a lẹ́gbẹ̀ẹ́, ọ̀rọ̀ ti di ti Kútọnu nìyẹn, bóyá kò tilẹ̀ ní tó síbẹ̀.

Ẹ rántí 280,000 yẹn? Ẹ lọ béèrè iye tí àpò afẹ́fẹ́ kan ṣoṣo ti Range Rover ń jẹ́, ojúlówó o, kì í ṣe èyí tí wọ́n yọ lára èyí tó kú. Ẹ sọ ọ́ di mẹ́rin. Ẹ fi ti ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ kún un. Ẹ fi owó ọkọ̀ tó máa fà á lọ sí Kútọnu lé e. Lẹ́yìn náà ẹ wá sọ fún wa pé ó ń dín owó epo kù.

Ó wá ku ìbéèrè tí a fẹ́ kí ẹ bi ara yín kí ẹ tó san owó: kí ló gbé mọ́tò yẹn dé ọ̀dọ̀ wa? Ní ilẹ̀ Yúróòpù àti Amẹ́ríkà, Range Rover jẹ́ ọ̀kan lára àwọn mọ́tò tí owó wọn máa ń já wálẹ̀ kíákíá. Nígbà tí ìdánilójú ilé-iṣẹ́ bá parí, tí olówó rẹ̀ bá rí ìwé àtúnṣe àkọ́kọ́ tó máa fi owó ara rẹ̀ san, á tà á. Ẹni kejì náà á tà á. Bó bá dé Kútọnu, ó ti di ohun tí ẹni mẹ́ta tó lówó jù wá lọ ti sá fún. Lexus GX kì í já bẹ́ẹ̀. Àwọn òyìnbó fúnra wọn ń dì í mú. Ìdí nìyí tí àlàfo tó wà láàárín owó méjèèjì kì í fi í tó ọdún tó wà láàárín wọn. Àwọn kan rí i pé Lexus àgbà wọ́n, wọ́n ní ìrẹ́jẹ ni. Kì í ṣe ìrẹ́jẹ. Ọjà ń sọ òótọ́ fún yín, ẹ̀yin ni ẹ kò fẹ́ gbọ́.

Àwọn tó ń ta mọ́tò ní àwọn pákì ojú ọ̀nà Kútọnu sí Àjàṣẹ́ kì í ṣe ọ̀tá wa, ọmọ wa pọ̀ láàárín wọn. Ṣùgbọ́n ọjà ti le fún wọn. Nàìjíríà fòfin de mọ́tò tó ń gba ojú ilẹ̀ wọlé láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2017, wọ́n tún ti bodè pa láti oṣù kẹjọ 2019 di oṣù kejìlá 2020. Ẹni tí ọjà kún ilẹ̀ fún, tó sì rí ẹ tí o fi owó kajú sápò, ọ̀rọ̀ dídùn ni yóò bá ẹ sọ. Iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn. Iṣẹ́ tìrẹ ni kí o yẹ̀ ẹ́ wò.

Bí ẹnì kan bá sọ fún yín pé 2016 ni, ẹ má wo ẹnu rẹ̀. Ẹ wo nọ́ńbà mọ́tò náà, àmì 17 ni, ẹ sì ka á dé àmì kẹwàá. E dúró fún 2014, F fún 2015, G fún 2016. Ti Lexus 2008, àmì 8 ni. Ẹ sọ pé kí wọ́n gbé Range Rover sókè ní ìrọ̀lẹ́, kí ẹ padà wá ní ìdájí láì sọ fún ẹnikẹ́ni: bó bá ti sọ̀ kalẹ̀, ẹ máa lọ sílé. Ẹ ní kí wọ́n tàn án nígbà tó ṣì tutù, ẹ gbọ́ bóyá ṣéènì inú ẹ́ńjìnnì ń pariwo bí ẹni tó ń mi owó ẹyọ nínú agolo.

Ẹ má sì rò pé a ní kí ẹ di ojú ra Lexus. Lexus burúkú wà, ó sì pọ̀. Bẹ́líìtì kan wà nínú ẹ́ńjìnnì rẹ̀ tó yẹ kí wọ́n pààrọ̀ ní nǹkan bí 145,000 kìlómítà. Ẹni tó tà á lè má pààrọ̀ rẹ̀ rí, bó bá já lójú ọ̀nà, ẹ́ńjìnnì tí à ń yìn látàárọ̀ lè bàjẹ́ kọjá àtúnṣe. Ẹ béèrè ẹ̀rí, bí kò bá sí, ẹ ka owó bẹ́líìtì mọ́ owó mọ́tò. Ẹ dùbúlẹ̀ wo abẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú: èyí tó wá láti ibi tí yìnyín ti ń bọ́ ní Amẹ́ríkà tàbí Kánádà, iyọ̀ tí wọ́n ń dà sójú ọ̀nà níbẹ̀ lè ti jẹ irin egungun rẹ̀. Wọ́n á fi ọ̀dà dúdú kùn ún kí ó lè máa dán. Ẹ fi òòlù kékeré kàn án.

Ẹ̀yin ọmọ wa tó wà ní Faransé àti níbòmíràn, ẹ̀yin gan-an ni ọ̀rọ̀ yìí bá wí jù. Ẹ̀yin lẹ sábà máa ń yan mọ́tò fún àwọn tó wà nílé. Ẹ fẹ́ kí bàbá sọ̀ kalẹ̀ nínú ohun tí ojú ọ̀tá á rí, ó yé wa, àwa náà ò kórìíra iyì. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin kọ́ ni ẹ máa jókòó ti mẹkáníìkì lóòrùn. Ẹ̀yin kọ́ ni ẹ máa lọ yá owó lọ́wọ́ ẹgbẹ́ àjọ nítorí ẹ̀rọ afẹ́fẹ́. Bàbá yín kò sì ní sọ fún yín lórí fóònù pé ẹ̀bùn yín ti ń jẹ òun run, ó máa ní ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa.

Ẹni tó bá ní owó Range Rover lẹ́ẹ̀mejì, tó ń gbé Kútọnu, tó ní mẹkáníìkì tó ní ẹ̀rọ rẹ̀, tó sì ní mọ́tò mìíràn nílé, kó rà á, kó gbádùn rẹ̀, a ó bá a yọ̀. Òun kọ́ là ń bá wí. Ẹni tó ta igi tíìkì ogójì ọdún láti ra mọ́tò kan ṣoṣo, òun là ń bá wí.

Ẹ̀yin tí ẹ ní irọ́ la ń pa, tí ẹ ti ra Range Rover Sport 2013 tàbí 2014 tí ẹ sì ti lò ó ju ọdún méjì lọ níhìn-ín, ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀: ìlú tí ẹ ń gbé, iye tí ẹ ti ná lórí ẹsẹ̀ rẹ̀, àti iye ọjọ́ tó fi dúró láì rìn ní ọdún tó kọjá. Kí àwọn tó ní GX náà kọ tiwọn, pẹ̀lú owó epo, kí wọ́n má yọ nǹkan kan kúrò.